Oorun Màmá Àdúrà

Dáúdà dírébà kì í ṣíná sí bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan ti gbàdúrà. Epo lè ti wà nínú mọ́tò, èrò lè ti kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ páàkì lè ti máa gbá ara bọ́ọ̀sì pé kó máa lọ, Dáúdà yóò ṣì gbé ọwọ́ lé itan, yóò wo dígí iwájú, yóò sì dúró. Mùsùlùmí ni. Ó ti kírun nílé kó tó jáde. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, àdúrà ilé yàtọ̀ sí àdúrà ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ àdúrà ọkọ̀ gbà bíi Mojúbàolú.

Mojúbàolú náà kì í kọ̀. Ọmọ Ìkìrun ni, ẹja ló ń tà. Òun àti ọkọ rẹ̀, Ọláníyọnu, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ńlá ńlá Ìkòròdú, ló háyà yàrá kan àti pálọ̀ kan sẹ́yìn Sábó. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà Olúwo, yóò wọ ọkọ̀ Dáúdà lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ ra ẹja yíyan lọ́wọ́ Alájà Rùkáyàt. Tó bá dìde lórí ìjókòó rẹ̀ láàárọ̀ tó so gèlè rẹ̀ le, ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì pàápàá yóò gbé e mì kíá. Yóò fi táyà lé Jésù lọ́wọ́, yóò fi bíréèkì lé e lọ́wọ́, ojú dírébà, orí àwọn tó ń bọ̀ níwájú, àti màlúù tó bá fẹ́ sọdá. Yóò dárúkọ gbogbo ìlú tó wà lójú ọ̀nà, kò ní fo ọ̀kan. Àwọn onígbàgbọ́ á ṣe àmín, àwọn Mùsùlùmí á ṣe àmín, ti Dáúdà á gùn ju ti gbogbo wọn lọ, mọ́tò á sì gbéra. Bí orúkọ Màmá Àdúrà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Kò tí ì pé ogójì ọdún o, ṣùgbọ́n páàkì kì í bi èèyàn lọ́jọ́ orí kó tó fún un lórúkọ.

Ní báyìí, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí Màmá Àdúrà ní páàkì.

Ohun tó fà á kò ṣòroó sọ. Lọ́jọ́ ọjà kan, bí ọkọ̀ ṣe kọjá Ìmọ́ta tán, táyà ẹ̀yìn bẹ́. Dáúdà gbìyànjú, kò sí ẹni tó lè sọ pé kò gbìyànjú, ṣùgbọ́n mọ́tò fi títì sílẹ̀, ó wọ inú igbó, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Àwọn kan fara pa lójú, àwọn kan fi apá rọ́. Awọ ìgbúnwọ́ Mojúbàolú nìkan ló bó ní tirẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ni Jamilah, ọmọ Alájà Rùkáyàt, ọ̀dọ́ ìyàwó ilé kan tó ń gbé ní Ìkòròdú tó máa ń lọ bá ìyá rẹ̀ tajà lọ́jọ́ ọjà. Ẹ̀gbẹ́ Mojúbàolú ló jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ló ṣẹ́ lójúgun.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Mojúbàolú. Wọ́n wá sílé rẹ̀, wọ́n wá sí ìsọ̀ rẹ̀. “Màmá Àdúrà, àdúrà yín ló kó wa yọ. Ká ní ẹ ò gbàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti di nǹkan mìíràn.” Obìnrin kan tiẹ̀ gbé adìyẹ wá. Mojúbàolú gba adìyẹ náà, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé, kò sì lè pa á. Tó bá lọ dáná, adìyẹ á máa wò ó, òun náà á máa wo adìyẹ, yóò sì yí ojú kúrò.

Nítorí pé kò gbàdúrà kankan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oorun ló sùn.

Ibà ló ń ṣe Tìmílẹ́hìn, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, láti alẹ́ tó ṣáájú. Mojúbàolú kò fojú kan oorun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ara ọmọ tutù, ó fi í sọ́dọ̀ ìyá tó ń gbé yàrá kejì, ó sì lọ wọ ọkọ̀. Ó bá Jamilah nínú ọkọ̀, ó jókòó tì í, ó sọ fún un bí alẹ́ àná ṣe rí. Ó wá dorí kodò pé kí òun rẹjú díẹ̀ kí ọkọ̀ tó kún. Ohun tó tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo, ara ẹlòmíràn lórí ara rẹ̀, àti fèrèsé tó wà lókè níbi tí ó yẹ kí òrùlé wà.

Lẹ́nu àwọn tó wá dúpẹ́ ló ti gbọ́ ìyókù. Wọ́n ní àwọn rí i tó dorí kodò, tó di ojú, ni àwọn bá mọ̀ pé Màmá Àdúrà ti wọnú ẹ̀mí. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ fún un. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n gbọ́ àmín, gbogbo wọn gbè é, Dáúdà sì ṣíná. Wọ́n ní àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn lágbára ju gbogbo èyí tó ti ń gbà sókè lọ. Dáúdà tiẹ̀ ní òun mọ̀ ọ́n lára.

Kí ni Mojúbàolú fẹ́ sọ? Ẹni tí wọ́n bá gbé adìyẹ wá fún, ṣé yóò wá sọ pé oorun lòun sùn? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́.

Ibi yòówù tó bá gbé ọ̀rọ̀ náà gbà, kò dára. Bó bá jẹ́ pé àdúrà òun ló máa ń gbé ọkọ̀ yẹn dé Ẹ̀pẹ́, a jẹ́ pé oorun òun ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ Jamilah. Bó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ lè dé tàbí kó má dé, ká gbàdúrà ká má gbà, kí wá ni òun ti ń dìde sọ láti ọjọ́ yìí wá? Ta ni òun ń bá sọ̀rọ̀? Ó fẹ́ràn Jésù. Ìyẹn kò yí padà, òun gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Láti kékeré ní Ìkìrun ló ti máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń fọ abọ́, bí ó ṣe ń to ẹja sórí àtẹ. Ní báyìí, tó bá la ẹnu, “Jésù” nìkan ni yóò jáde, kò ní mọ èyí tó tún kàn, yóò sì pa ẹnu dé.

Pásítọ̀ pè é pé kó wá jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sá lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi kọ orin ìparí. Ní ti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, kò jẹ́ tọ̀ ọ́ mọ́. Ó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá sí Ìkòròdú, ẹja tó ti fọ́ tó ti rún, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń bi í pé ṣé ara rẹ̀ kò yá ni. Kò tí ì lọ wo Jamilah lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ti wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó ń fi fóònù kí i. Jamilah náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọláníyọnu, ọkọ rẹ̀, kì í ṣe oníwádìí. Ó jẹ́ ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ máa ń wúwo, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé tó wẹ̀ tán, yóò jókòó síbi tí ìyàwó rẹ̀ bá wà, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tirẹ̀. Ó rí i pé Mojúbàolú kì í kọrin mọ́ tó bá ń gbálẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, ó sì ń gbálẹ̀ náà bó ṣe mọ̀ ọ́n, tí erùpẹ̀ ń kóra jọ sí igun ilé.

Ọjọ́ kan ni Dáúdà yọ sí i ní ìsọ̀. Wọ́n ti tún bọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe, wọ́n ti kùn ún, gbogbo táyà rẹ̀ ló sì jẹ́ tuntun, ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn kó tó kí i.

“Màmá Àdúrà, Alájà Rùkáyàt ní kí n wá pè yín. Wọ́n ti tú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ Jamilah ní ọsibítù. Dókítà ní eegun ti jọ, kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí tó bá pẹ́ jù, ẹsẹ̀ ọ̀hún á gan. Ó kọ̀. Ó ní òun ò ní fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ọkọ ẹ̀ bẹ̀ ẹ́, Alájà pariwo, wọ́n pe Àlùfáà, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àfi tó bá rí yín.”

“Èmi? Kí ni mo fẹ́ ṣe fún un?”

Dáúdà wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò yé e. “Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń bèèrè? Ẹ máa gbàdúrà fún un ni.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Tìmílẹ́hìn ti jẹun tán tó ń ṣeré níta, Mojúbàolú sọ iṣẹ́ tí Dáúdà jẹ́ fún ọkọ rẹ̀. Òkèlè wà lọ́wọ́ Ọláníyọnu. Ó gbé e padà sínú abọ́.

“Ìgbà wo lo fẹ́ lọ?”

“Bàbá Tìmílẹ́hìn, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ ò mọ̀. Kì í ṣe ọ̀nà nìkan. Tí mo bá débẹ̀ tí wọ́n ní kí n gbàdúrà, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ó dà bíi pé mi ò ní nǹkan kan níkùn mọ́.”

Ọláníyọnu ń yí òkèlè náà nínú abọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo ojú rẹ̀. “Ṣé ọmọ yẹn ní kó o wá, àbí ó ní kó o wá pẹ̀lú àdúrà? Ìwọ ló ní òun fẹ́ rí. Lọ. Tí ẹ̀rù bá fẹ́ tẹ̀lé ẹ lọ, kó tẹ̀lé ẹ. Bọ́ọ̀sì Dáúdà fẹ̀, á gba ẹ̀yin méjèèjì.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rín pa Mojúbàolú. Ó fi apá gbá ọkọ rẹ̀ léjìká, ó sì ní kó jẹ èbà rẹ̀ kó tó tutù.

Ní ọjọ́ ọjà, ó dé páàkì. Wọ́n kí i bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Dáúdà fi aṣọ nu ìjókòó ẹ̀yìn dírébà fún un. Nígbà tí ọkọ̀ kún, Dáúdà gbé ọwọ́ lé itan, ó wo dígí, gbogbo ọkọ̀ sì yí ojú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mojúbàolú mú irin ìjókòó iwájú rẹ̀ dání.

“Ẹ má bínú,” ló sọ. “Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á lónìí. Ohùn mi ò yọ.”

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Salman, tó ń lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ka díẹ̀ nínú Kùránì lábẹ́ ahọ́n, ó wá fi Yorùbá parí rẹ̀: “Ọlọ́run, àwọn kan ń retí wa níbi tí a ń lọ. Mú wa dé ọ̀dọ̀ wọn.” Mojúbàolú ṣe àmín. Ó kéré, ẹni tó jókòó tì í lè má gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n láti inú wá ni, òun náà sì mọ̀ pé láti inú wá ni.

Irin yẹn kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi gbogbo tí Dáúdà ti tẹ bíréèkì, ó tún tẹ̀ ẹ́ níbi tí Dáúdà kò ti tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n rí iléeṣẹ́ ìrẹsì ńlá tó wà ní Ìmọ́ta lókèèrè, ó la ojú sílẹ̀ gbagada, kò sì ṣẹ́jú títí wọ́n fi kọjá ibi tí táyà ti bẹ́. Nígbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn wá.

Ilé Alájà Rùkáyàt kò jìnnà sí ọjà, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló kọjú sí ọ̀sà. Alájà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sanra, ó rẹwà, èéfín ẹja ti kó sí i láṣọ. Ó gbá a mọ́ra, lẹ́yìn náà ó ti í sẹ́yìn kó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

“Ìwọ Mojúbàolú, o sì jókòó sí Ìkòròdú. Ẹja rẹ ni mò ń yà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ ọjà gbogbo, tí mo tún ń tà á tí o kò bá wá. Wọlé jàre. Lọ bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀. Èmi ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi fẹ́ bó.”

Jamilah wà lórí àga nínú pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí. Ó ti rù. Ẹsẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀ náà tín-ín-rín ju èkejì lọ, awọ rẹ̀ sì funfun. Ó rí Mojúbàolú, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín.

“Ó yá, Màmá Àdúrà rẹ ti dé,” ni Alájà wí. “Dìde.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ẹja tó wà lórí iná.”

“Ẹja tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò?” Ṣùgbọ́n ó lọ, ó ń kùn lọ, wọ́n sì gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé tó ń bá ẹja sọ̀rọ̀.

Mojúbàolú fa àpótí kan, ó jókòó. Gbogbo ohun tó ti ń tò lọ́kàn bọ̀ láti Ìkòròdú fọ́nká. “Jamilah, kí o tó ní kí n gbàdúrà fún ẹ, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi.”

“Èmi náà ní ọ̀rọ̀, Àǹtí.”

“Jẹ́ kí n sọ tèmi ná, kó má baà tún há mi lọ́fun. Lọ́jọ́ tí táyà bẹ́, mi ò gbàdúrà. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ yẹn, irọ́ ni. Mo sùn ni, Jamilah. Oorun gbé mi lọ. Mi ò bá ẹnì kankan sọ nǹkan kan, mi ò bá Ọlọ́run sọ nǹkan kan, ọkọ̀ sì gbéra.”

Jamilah wò ó. “Mo mọ̀.”

“O mọ̀ kẹ̀?”

“Àǹtí, bí ọkọ̀ ṣe gbéra ni orí yín bọ́ sí èjìká mi. Ẹ ń hanrun.”

Mojúbàolú gbàgbé ìbànújẹ́ rẹ̀. “Èmi? Mo ń hanrun?”

“Díẹ̀ kọ́.”

“Ta ló wá ṣe àmín tí wọ́n ní àwọn gbọ́?”

“Èmi ni.” Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ ti sọ fún mi pé ibà Tìmílẹ́hìn ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Gbogbo wọn ń wò yín, Bọ̀ọ̀dá Dáúdà ń wo dígí, mo sì mọ̀ pé wọ́n máa tó jí yín. Àánú yín ṣe mí. Ni mo bá ké àmín, wọ́n sì gbè é. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú. Mo fi Ọlọ́run ṣeré, Àǹtí. Mo ṣe àmín sí àdúrà tí kò sí. Nínú gbogbo àwa tá a wà nínú ọkọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ta ló ṣẹ́? Tèmi náà ni. Ṣé ẹ rí i pé èmi ló ń wá. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyìí, tó tún ṣẹ́ ńkọ́? Mi ò lè sọ fún màámi. Mi ò lè sọ fún ọkọ mi. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀, kẹ́ ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.”

Láti ọjọ́ yìí wá tí Mojúbàolú ti ń dá ẹrù yìí gbé ní Ìkòròdú, ọmọ yìí náà ti ń dá a gbé ní Ẹ̀pẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó wà lórí àpótí. Ó wo ojú ọmọ tó fi èjìká gbà á sùn. Inú wá bí i gidi, irú inú tó máa ń bí ìyá tí ẹnìkan bá fìyà jẹ ọmọ rẹ̀.

“Gbọ́ mi. Ọlọ́run wo lo fi ṣeré? Ṣé Ọlọ́run á rí ẹ tí o ń ṣàánú ẹni tó ti rẹ̀, á wá torí ìyẹn ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀? Mi ò mọ Ọlọ́run yẹn. Ẹni tí mo mọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti bá a gbé láti kékeré, mo mọ ìwà ẹ̀. Táyà ló gbó, Jamilah. Táyà gbó, ó sì bẹ́.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́?” Jamilah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Ṣé oorun yín wá ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀?”

Ìbéèrè náà dá Mojúbàolú padà sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ohun tó ti ń wá kiri nínú àdúrà tí kò lè gbà, ẹnu ara rẹ̀ ló ti jáde, ó sì ti sọ ọ́ láìṣiyèméjì, nítorí pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ fún. Ẹni tí mo mọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba ojú fèrèsé wo ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ lọ́ọ̀ọ́kán, ọkùnrin kan dúró nínú rẹ̀ ó ń ju àwọ̀n. Ìtàn kan tó ti kọ́ àwọn ọmọdé ní sọ́ọ̀ṣì lọ́pọ̀ ìgbà ló wá sí i lọ́kàn.

“Jésù wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀,” ló wí. “Apẹja ni púpọ̀ nínú wọn, bíi bàbá ẹ. Ìjì dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ọkọ̀. Òun sì wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbórí lé ìrọ̀rí, ó ń sùn.”

“Ó ń sùn? Tí omi ń wọlé?”

“Ó ń sùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n jí i, wọ́n ní ṣé kò kàn án tí àwọn bá kú ni. Ó dìde, ó bá ìjì wí, ìjì sì dákẹ́. Ó wá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń bẹ̀rù.”

Jamilah ro ó. Ọmọ ọ̀sà ni, ó ní ohun tó mọ̀ nípa omi. “Bàbá mi ò sùn lórí omi rí, àní tí omi bá pa rọ́rọ́. Àǹtí, ẹni tó bá lè sùn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé ẹnìkan ò sùn.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí Mojúbàolú ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọdé, ibi tí ìjì ti dákẹ́ ló máa ń sáré lọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pàtẹ́wọ́. Kò dúró rí níbi tí Olúwa rẹ̀ ti ń sùn. Àlàáfíà kan rọra wọ inú rẹ̀, kò pariwo, kò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń gbé ọkọ̀ Dáúdà dé Ẹ̀pẹ́, kì í sì í ṣe òun ló jù ú sínú igbó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn, kó sì ràn wọ́n létí ẹni tó jí sílẹ̀. Iṣẹ́ náà tó fún un. Ó yà á lẹ́nu bí ó ṣe fúyẹ́ tó.

Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Wá.”

“Ẹ máa gbàdúrà ná?”

Mojúbàolú di ojú. “Jésù, Jamilah rèé,” ló sọ, ó sì rí i pé kò sí ìyókù tó ń wá. Ó ti pé.

Jamilah dúró díẹ̀. “Ṣé ẹ ti gbà á tán ni, àbí ẹ tún ti sùn?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Jamilah fi ní kí òun mí ná. Inú ẹ̀rín yẹn ló ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí. Ó di ọwọ́ Mojúbàolú mú, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó fi èékánná ha Mojúbàolú láwọ, ó sì dìde. Ẹsẹ̀ náà dùn ún, ó hàn lójú rẹ̀. Kò ṣẹ́. Ó gbé e, ó tún gbé e. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, Alájà wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹja kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

“Kí lo ṣe fún un?” ló bi Mojúbàolú lẹ́yìn tó ti sunkún tán.

“Mo sọ fún un pé mo ń hanrun, Alájà.”

Alájà kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di ẹja tó dára jù fún un sínú agbọ̀n, ó fi bébà bò ó. Mojúbàolú sọ fún wọn nípa adìyẹ tó ń wo òun lẹ́yìnkùlé. Jamilah ní tí òun bá ti lè fi ẹsẹ̀ òun wọ ọkọ̀ wá sí Ìkòròdú, àwọn méjèèjì ló máa jọ jẹ ẹ́, kí adìyẹ náà ṣì máa gbádùn ayé rẹ̀ títí di ìgbà náà.

Lọ́sàn-án, bọ́ọ̀sì Dáúdà kún ní páàkì Ẹ̀pẹ́. Dáúdà gbé ọwọ́ lé itan. Kò wo dígí rárá, kó má baà dà bíi pé ó ń fipá mú ẹnìkan. Mojúbàolú dìde, ó so gèlè rẹ̀ le.

“Kí n tó gbàdúrà, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan wà níbí tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ tí táyà bẹ́. Ẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Mi ò gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn, oorun ni mo sùn. Ẹni tó wà pẹ̀lú wa nínú igbó yẹn ni kò sùn.”

Dáúdà yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀. “Màmá Àdúrà, àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ńkọ́? Èyí tí mo mọ̀ lára?”

“Oorun ni, Dáúdà.”

Ẹ̀rín bẹ́ láti ẹ̀yìn, ó sì kárí ọkọ̀. Bàbá Salman, tó ń padà sílé, rẹ́rìn-ín títí fìlà fi fẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Mojúbàolú náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó di ojú. “Jésù, a ń lọ sílé. Bí ọ̀nà bá dára, wà pẹ̀lú wa. Bí kò bá dára, wà pẹ̀lú wa náà. Àmín.”

Wọ́n ṣe àmín. Dáúdà dúró, ó ń retí bíréèkì, ó ń retí màlúù.

“Ó tán?”

“Ó tán. Ṣíná sí i.”

Ó jókòó sẹ́yìn dírébà, agbọ̀n ẹja wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irin ìjókòó nígbà tí wọ́n jáde ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀, ó ti bá a wọ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọláníyọnu ṣe sọ, kò sì bá a jà. Nígbà tí wọ́n gun afárá Ìtóìkín, ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sórí itan.

Bí ó ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ìmọ́ta, Dáúdà rí ibi tí koríko tuntun ti ń hù, níbi tí mọ́tò rẹ̀ ti wọ igbó lọ́jọ́sí. Ó wo dígí kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rù ń ba Màmá Àdúrà. Orí rẹ̀ ti fara ti fèrèsé, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó sì ń hanrun. Dáúdà dín rédíò kù, ó sì rọra yí ọwọ́ ọkọ̀ kó má baà kó sí kòtò tó wà níwájú.